Ẹ má bó háhá àgbàdo wò kí ẹ tó rà á

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ní àsìkò àgbàdo tútù, láti nǹkan bí oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ẹ má bó háhá wò lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń kó o wá láti oko Mọ́níyà àti Akínyẹlé. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wò, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ kúrò lára igi. Tó bá ṣì funfun, tó tutù lọ́wọ́, kò tíì pẹ́ tí wọ́n ya á. Tó bá ti gbẹ, tó ń dúdú, ó ti sùn lọ́jà. Ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀ látòkè háhá: tó bá kún lọ́wọ́, hóró dé orí. Wọ́n bá ti ya àgbàdo, ṣúgà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di sítáàṣì, oòrùn sì ń mú un yá. Háhá ló ń dá omi ara rẹ̀ dúró. Èyí tí ẹ bó tí ẹ ò rà, kíá ló máa gbẹ, àgbẹ̀ ló sì máa ru òfò náà. Kò dáa rárá, lẹ́yìn gbogbo wàhálà oko. Ohun kan tí ọ̀nà yìí ò lè fi hàn ni bóyá hóró ti le jù. Ẹ bi ẹni tó ń tà á, ẹ sọ bóyá sísè ni tàbí sísun, á ṣà á fún yín. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sè é, nínú háhá rẹ̀. Tó bá le, ẹ fi ṣe ògì.