Bí mo ṣe tún Walkman bàbá mi ṣe kí n lè gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì fújì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì fújì nílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dà á nù. Ọ̀pọ̀ live play tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóde ìnáwó láyé ọjọ́un ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé Walkman bàbá mi jáde, ẹ̀rọ kékeré alágbèéká tí wọ́n fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì. Ọdún 1979 ni Sony kọ́kọ́ ta irú ẹ̀ ní Japan, títí di 2010 sì ni wọ́n ń ta oníkásẹ́ẹ̀tì níbẹ̀.

Mo ki bátìrì sí i, mo tẹ play, mọ́tò ń dún wìì àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì ò yí. Tó bá ti ṣe báyìí, bẹ́líìtì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mọ́tò fi ń yí wíìlì nìyẹn, tó bá ti gbó á yọ́, á wá máa lẹ̀ bí ọ̀dà. Mo tú skúrù ẹ̀yìn ẹ̀, mo fi cotton bud àti spírítì nu gbogbo ìdọ̀tí dúdú yẹn, ibí yìí gan-an niṣẹ́ wà o, torí tí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, bẹ́líìtì tuntun ò ní yí geere. Mo fi òwú yí ojú ọ̀nà tí bẹ́líìtì ń gbà ká, mo wọn òwú yẹn, mo wá mú bẹ́líìtì tó fi díẹ̀ kéré sí i kó lè fún dáadáa. Mo nu hẹ́ẹ̀dì, irin kékeré tó ń ka téèpù, ohùn tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ bá là.

Ó ku bó ṣe ń sáré jù. Sẹ̀ǹtímítà 4.76 ló yẹ kí téèpù rìn ní sẹ́kọ́ńdì kan, mo wá fi kásẹ́ẹ̀tì kan tí orin inú ẹ̀ wà lórí fóònù mi náà dán an wò, mo ń yí skúrù kékeré ara mọ́tò díẹ̀díẹ̀ títí àwọn méjèèjì fi jọ ń lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, fújì dùn níbẹ̀! Látorí ìbà dé orí kíkí àwọn olówó tó jókòó, kò sí ibi tó ti gé, gangan ń sọ̀rọ̀, èèyàn á jókòó gbọ́ ọ títí Side A á fi tán, fóònù kì í jẹ́ ká ṣerú ẹ̀ mọ́, kíá la ti fò ó. Mo ti fi wáyà so ihò earpiece ẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà báyìí, mo ń gbà á sílẹ̀ fáwọn àbúrò mi, Side B ló kù.