Olùkọ́ Illinois, ẹ má tìtorí àbá òfin kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Lọ́dọọdún, bí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Illinois bá ti wọlé ìjókòó ní Springfield, àbá òfin lórí owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dórí WhatsApp: “Wọ́n ti dá ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì padà sí ọgọ́ta!” Ẹni tó gbọ́ ọ ní yàrá olùkọ́ ti ń ka iye ọdún tó kù fún un lórí ìka. Ẹlòmíràn ti ń wá bébà tó máa fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ rọra. Aṣòfin kan ṣoṣo lè gbé àbá kalẹ̀, kò ná an ní nǹkan kan, ó sì dùn ún sọ fún àwọn tó dìbò fún un. Kí àbá náà tó di òfin, ó gbọ́dọ̀ la ìgbìmọ̀ kọjá, kí ilé aṣojú ẹlẹ́ni 118 àti ilé ìgbìmọ̀ àgbà ẹlẹ́ni 59 dìbò fún un, kí gómìnà sì fọwọ́ sí i. Púpọ̀ nínú wọn ló ń sùn sínú ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Rules, tí wọn kì í jí mọ́. Kódà bó bá di òfin, ẹ wo ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́dún 2017, wọ́n fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní Tier 3 sínú òfin (Tier ni ìpele tí wọ́n pín àwọn olùkọ́ sí nínú ètò ìfẹ̀yìntì), wọ́n ní olùkọ́ tuntun á lè yàn án. Ọdún ń gorí ọdún, ètò náà ṣì wà lórí bébà.

Àṣìṣe tó máa ń dùn mí jù ni ti olùkọ́ tí kò mọ Tier tó wà. Púpọ̀ nínú òfin ìfẹ̀yìntì tuntun, Tier ni wọ́n fi ń pín in. Bí ẹ bá ti ń dáwó sí TRS, ìyẹn àpò owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ Illinois, tàbí ọ̀kan nínú àwọn àpò tó bá a ṣe àdéhùn, ṣáájú January 1, 2011, Tier 1 ni yín. Bó bá jẹ́ ọjọ́ náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀ lẹ kọ́kọ́ wọlé, Tier 2 ni yín. Ọjọ́ kan péré lè ya olùkọ́ méjì tó ń kọ́ni nínú kíláàsì tó fara kanra.

Ẹ wo bí ìyàtọ̀ náà ṣe tó. Lẹ́yìn ọdún 5, Tier 1 ti ní ẹ̀tọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì. Tier 2 gbọ́dọ̀ pé ọdún 10. Tier 1 tó ti ṣiṣẹ́ ọdún 10 lè gba owó rẹ̀ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ẹni ọdún 67 ni Tier 2 tó ń gba tiẹ̀ lódindi. Bó bá yá a lára láti lọ lẹ́ni 62, ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ fún ọdún kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 30. Ìdá 2.2 lórí ọdún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń ṣírò fún àwọn méjèèjì. Àmọ́ ọdún 4 tí owó oṣù pọ̀ jù ni wọ́n ń kó papọ̀ fún Tier 1, ọdún 8 ni fún Tier 2. Ọdún tí owó oṣù ṣì kéré á wá wọnú ìṣirò, á fa gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni àfikún ọdọọdún. Ká ní olùkọ́ kan ṣe ọdún 30, tí ìpíndọ́gba owó oṣù rẹ̀ lọ́dún jẹ́ $80,000. Ìdá 66 nínú rẹ̀ ni yóò máa gbà: $52,800 lọ́dún. Bó bá jẹ́ Tier 1, àfikún ìdá 3 lórí àfikún ni, èlé ń bí èlé. Lẹ́yìn àfikún 20, owó náà á ti lé ní $95,000. Bó bá jẹ́ Tier 2, ìdá 3 tàbí ìlàjì bí ọjà ṣe gbówó lórí ni wọ́n ń fi kún un, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì, orí owó ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ń ka á lé. Bí ọjà bá ń gbówó lórí ní ìdá 3 lọ́dún, $68,640 ló máa wà níbẹ̀ lẹ́yìn àfikún 20. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé “wọ́n fẹ́ ṣàtúnṣe owó olùkọ́”, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ti Tier wo?

Àwọn kan wà tí ìbẹ̀rù ń lé. “Ilẹ̀ ń mì, gbèsè ti pọ̀, ìjọba máa gé e, jẹ́ n tètè mú tèmi.” Òótọ́ ni pé gbèsè wà, òfin 1994 gan-an ló ní kí àpò náà kún dé ìdá 90 tó bá fi máa di 2045. Ṣùgbọ́n òfin ìpìlẹ̀ Illinois ti 1970, Orí XIII, Abala 5, sọ pé àdéhùn tó de ìjọba ni wíwà nínú àpò yìí, wọn kò sì gbọ́dọ̀ dín àǹfààní rẹ̀ kù. Gómìnà Pat Quinn fọwọ́ sí òfin tó fẹ́ gé àfikún Tier 1 ní December 2013. Ní May 2015, gbogbo adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà fohùn ṣọ̀kan, wọ́n da òfin náà nù. Ẹni tó ti sáré fẹ̀yìn tì nítorí ìbẹ̀rù òfin yẹn, kò sẹ́ni tó máa dá ọdún iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un.

Ààbò yẹn náà ní ibi tó mọ. Ẹni tí kò tíì wọṣẹ́ kò tíì ní àdéhùn kankan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rí Tier 2 ṣe lọ́dún 2010.

Wàyí o, owó gbà-kóo-máa-lọ. Bí olùkọ́ bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ó lè gba owó tó dá padà, kò sì ní bá èlé kankan níbẹ̀. Gbogbo ọdún iṣẹ́ rẹ̀ lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá san án sí i lọ́wọ́ dípò kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì mìíràn, ìjọba àpapọ̀ á kọ́kọ́ yọ ìdá 20 fún owó orí, ìyà ìdá 10 sì lè tún gun orí rẹ̀ bí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó. Lọ́dún 2018, òfin tún mú ìpààrọ̀ méjì wá. Nínú ọ̀kan, Tier 1 tó ń fẹ̀yìn tì á fi àfikún ìdá 3 rẹ̀ sílẹ̀, á gba ìdá 1.5 lórí owó ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ẹni 67. Wọ́n á wá fún un ní ìdá 70 nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye àfikún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú èkejì, ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ àmọ́ tó ní ẹ̀tọ́ á gba ìdá 60 iye tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó lónìí, ó di kó máa lọ. Ẹ padà wo ìṣirò $95,000 yẹn. Àìsàn tó le lè sọ ìpààrọ̀ yìí di ohun tó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí àwọn òbí rẹ̀ sì pẹ́ láyé, èmi ò rí ohun tó fẹ́ fi ṣe. Kò sí pé “mo yí ọkàn padà” lẹ́yìn ìbuwọ́lù. Àwọn aṣòfin sì ti sún gbèdéke rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí “ó ti ń tán o” lé yín wọ̀ ọ́.

Àwọn kan tún ń da òfin ìpínlẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn olùkọ́ Illinois kì í dáwó Social Security, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì ti ìjọba àpapọ̀, lórí iṣẹ́ olùkọ́ wọn. Òfin tí Ààrẹ Biden fọwọ́ sí ní January 5, 2025 pa àwọn ìlànà méjì rẹ́ tó máa ń gé Social Security ẹni tó ní irú owó ìfẹ̀yìntì yìí, láti January 2024. Kò sọ pé gbogbo olùkọ́ á máa gba Social Security. Ẹni tó ti fi iṣẹ́ mìíràn tó ń dáwó Social Security kó kírẹ́dítì 40 jọ, tàbí tó ní ẹ̀tọ́ nípasẹ̀ ọkọ tàbí ìyàwó, ló kàn. TRS kò sì fi kọ́bọ̀ kan kún tiwọn nítorí rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba Chicago, àpò tiyín dá dúró láti 1895, ọ̀tọ̀ ni sí TRS. Àbá tó bá dárúkọ ọ̀kan lè má kan èkejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ padà ṣe adelé olùkọ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, iye ọjọ́ tí òfin gbà wà, àwọn aṣòfin sì máa ń gbé e sókè fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò dópin. Ọjọ́ ìdópin yẹn ni kẹ́ ẹ kọ sórí kàlẹ́ńdà. Kẹ́ ẹ sì tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ní kí ọ́fíìsì àpò yín ṣírò owó yín fún yín lórí ìwé, kẹ́ ẹ bi wọ́n nípa ìsinmi àìsàn tẹ́ ẹ kò lò pẹ̀lú: ní TRS, ọjọ́ 340 rẹ̀ lè di ọdún iṣẹ́ méjì.