Bí omi ẹja yín bá ṣú bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́

Kí n tó bu oúnjẹ fún ẹja láàárọ̀, apá mi ni mo kọ́kọ́ ń tì bọ omi. Adágún méjì ni mo gbẹ́ sẹ́yìn ilé ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo: àrọ̀ wà nínú ọ̀kan, epìyà wà nínú èkejì. Ẹ rọra ti apá bọ̀ ọ́. Bí omi bá kan ìgbọ̀nwọ́ yín tí ẹ ṣì ń rí ìka yín, kò séwu. Bí ìka bá ti pòórá kó tó débẹ̀, algae, ohun tíntìntín bí ewéko tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé, ti pọ̀ jù.

Kì í ṣe ojúoró ni mò ń sọ o. Ìyẹn ṣeé fọwọ́ kó. Algae kéré débi tí ojú ò fi lè rí ẹyọ rẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tí a ń dà sómi àti oúnjẹ tí ẹja jẹ kù ló ń bọ́ ọ. Lọ́sàn-án, ó ń tú ọ́síjìn, atẹ́gùn tí ẹja ń mí, sómi. Lóru, òun náà a máa fà á. Bakitéríà, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú omi, ń jẹ ohun dídùn tó ń jò lára rẹ̀, ìyẹn ò tíì burú. Ọjọ́ tí algae bá kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni wàhálà dé: bakitéríà á rí òkú jẹ, wọ́n á bí sí i bí eṣú, wọ́n á sì fa ọ́síjìn tán.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Mo da oògùn apakoríko sí adágún méjèèjì. Ìdájí ọjọ́ kẹta, omi ti dà bíi tíì, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, epìyà tò sójú omi, wọ́n ń yanu. Kí oòrùn tó yọ, ikùn funfun ló kún ibẹ̀. Àrọ̀ ò kú ní tiwọn. Wọ́n ń yọrí, wọ́n ń gbé atẹ́gùn òkè mì, wọ́n tún ń rì. Epìyà ò ní irú ẹ̀bùn yẹn.

Nítorí náà, ẹ má foògùn pa á. Ẹ dá oúnjẹ àti ìgbẹ́ adìẹ dúró. Ẹ fa omi ìsàlẹ̀, níbi tí òkú algae máa ń jókòó sí, tó ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kí omi tuntun máa já wọlé láti òkè. Ìdájí ni kí ẹ ṣe é. Ìgbà yẹn ni ọ́síjìn ń kéré jù.

Bí algae bá wá dà bí ọ̀dà tó dà sétí omi, ẹ lé ewúrẹ́ kúrò. Algae la máa ń pe ẹ̀yà yẹn, àmọ́ bakitéríà gan-an ni. Òmíràn nínú wọn ní májèlé, síse ò sì ràn án. Lóṣù kẹjọ ọdún 2014, irú rẹ̀ lórí adágún Erie ló mú kí wọ́n kìlọ̀ fún nǹkan bí 500,000 èèyàn ní agbègbè Toledo, Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ.

Oúnjẹ ẹja tèmi di ọjọ́ tí mo bá tún rí ìka mi.