Bí a ṣe ń wo lékeléke etí òkun ní Èkó àti Àgbádárìgì

Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹyẹ yìí, omi ni kó kọ́kọ́ bi, kì í ṣe aago. Egretta gularis ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè é. Ìbátan lékeléke ni, àmọ́ kì í tẹ̀ lé màlúù. Etí omi iyọ̀ nilé rẹ̀, láti Mòrìténíà títí dé Gàbọ́ọ̀nù. Nígbà tí omi bá fà, tí ẹrẹ̀ àti òkúta yọ, ló ń jáde wá jẹun. Bí omi bá kún, á lọ bà sórí igi. Omi ń fà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó sì ń fi nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú pẹ́ sí i lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ bi àwọn apẹja létí ọ̀sà kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ débẹ̀ kí omi tó fà tán, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín.

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀, kí ọlọ́kọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kó máa fi àjẹ̀ tù ú.

Èyí tó pọ̀ jù lápá ibí dúdú bí eérú tó ṣú, ọ̀fun rẹ̀ sì funfun. Ọ̀fun yẹn ni kí ẹ wò, torí ẹyẹ dúdú mìíràn wà tó ń fi ìyẹ́ bo orí lójú omi, tí kò ní funfun kankan lọ́fun. Àwọn funfun náà wà, wọn ò kàn wọ́pọ̀. Ti wọn ló ń ṣini lọ́nà: ẹ wo ẹnu rẹ̀, ó ki, ó sì tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, tó gún, tó dúdú, ẹyẹ mìíràn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fọ́tò tì, kí ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ìwà rẹ̀ dùn ún wò ju àwọ̀ rẹ̀ lọ. Á dúró gbọnin, á ta ọrùn, lójijì á sáré gba inú omi pẹ̀lú ìyẹ́ nínà. Nígbà mìíràn á fi ẹsẹ̀ rú ẹrẹ̀ kí ẹja àti edé lè sá jáde; ọmọ ìka rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè máa ń hàn bó ti ń gbé e sókè.

Bó bá ṣíwọ́ oúnjẹ, tó na ọrùn wò yín, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ẹ fà sẹ́yìn. Ibi tí wọ́n bá tẹ́ ìtẹ́ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dé ibẹ̀ rárá: bí ìyá bá fò kúrò, oòrùn àti kannakánná lè pa ọmọ rẹ̀ kó tó padà.