Bí mo ṣe fi áńtẹ́nà CB mẹ́ta wéra ní Ìkẹ́nnẹ́

Láti Ìkẹ́nnẹ́ sí Ṣàgámù kò ju nǹkan bí kìlómítà mẹ́jọ lọ tí a bá fà á tààrà lórí máàpù. Ìkẹ́nnẹ́ ni mo gbé rédíò CB (rédíò ìbánisọ̀rọ̀ aráàlú) kalẹ̀ sí. Ọkọ̀ kan dúró ní Ṣàgámù, òmíràn dúró ní Ìlíṣàn lápá àríwá, mo sì ń gbọ́ wọn lórí áńtẹ́nà mẹ́ta. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: èwo nínú àwọn mẹ́ta yìí ló ń gbọ́ràn jù, dB mélòó (òṣùwọ̀n tí a fi ń sọ bí agbára kan ṣe ju òmíràn lọ) sì ni ó fi ju èkejì lọ? Mi ò fẹ́ "ó jọ pé eléyìí dára jù."

Áńtẹ́nà àkọ́kọ́ jẹ́ ìdámẹ́rin ìgbì, èyí tí mo fi páìpù alumíníọ̀mù ṣe, tó ní irin ẹsẹ̀ mẹ́rin nísàlẹ̀. Èkejì jẹ́ ìdajì ìgbì, onífáíbà, nǹkan bíi mítà márùn-ún àti ààbọ̀. Ẹ̀kẹta ni 5/8 ìgbì, onífáíbà lòun náà, ó sì gùn tó mítà méje. Ìgbì CB, tó wà láàárín 26.965 àti 27.405 MHz, gùn tó mítà 11, ibẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí ti jáde. Ikànnì 20, ìyẹn 27.205 MHz, ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé irú ẹ̀rọ yìí sórí afẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà, àjọ NCC ni kó kọ́kọ́ bá yanjú ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti SWR, òṣùwọ̀n agbára tó ń padà láti áńtẹ́nà wá sí rédíò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Tí abẹ́rẹ́ bá ti dúró sí 1.2, a ó ní áńtẹ́nà náà dára. SWR kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé agbára tí rédíò tú jáde kò padà wá bá a, kò sọ ibi tí agbára náà lọ. Ẹ so rẹsísítọ̀ 50 ohm mọ́ ẹ̀yìn rédíò, SWR yóò wà ní 1.0 géérégé, síbẹ̀ ẹni tó wà ní òpin àdúgbò yín kò ní gbọ́ yín. Tí ó bá jẹ́ 1.5, ìdá 4 nínú 100 ló ń padà. Tó bá jẹ́ 2, ìdá 11 ni. Etí kò lè mọ ìyàtọ̀ ìyẹn. Torí náà mo tún SWR áńtẹ́nà kọ̀ọ̀kan ṣe dé ìsàlẹ̀ 1.5, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Páìpù kọ́tìnnì ni mo fi ṣe ti ìdámẹ́rin: tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú gbàngbà, kílíìpù hóòsì tí àwọn mẹkáníìkì ń lò sì dè é, kí n lè fà á gùn tàbí kí n tì í wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 2.70 mítà, ó sì parí sí 2.62. Sẹ̀ǹtímítà kan máa ń sún un tó 0.1 MHz, ìyẹn nǹkan bí ikànnì mẹ́wàá, torí náà kí ọwọ́ yín má yá jù. Ẹ wọn ikànnì 1, ẹ wọn 40: bí SWR bá ga ní 40 ju ti 1 lọ, ó ti gùn jù, bó bá ga ní 1, ó ti kúrú jù. Irin ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 2.75 mítà níkọ̀ọ̀kan. Ẹ má tẹ́ wọn pẹrẹsẹ. Bí wọ́n bá tẹ́ pẹrẹsẹ, áńtẹ́nà yóò wà ní nǹkan bíi 36 ohm. Bí ẹ bá rọ̀ wọ́n sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n 45 bíi ẹsẹ̀ agboòrùn, yóò sún mọ́ 50 tí rédíò àti kéébù ń fẹ́.

Òpó méjì ni mo rì. Páìpù onínṣì mẹ́ta, lẹ́ńtì kan (mítà mẹ́fà), ló wà nísàlẹ̀. Onínṣì méjì tó gùn bákan náà wọ inú rẹ̀ ní mítà kan, mítà kan sì wà nínú ilẹ̀ pẹ̀lú kọnkéré. Ìyẹn fún mi ní mítà mẹ́wàá lókè ilẹ̀. Àárín òpó kan sí èkejì jẹ́ mítà 22, ìgbì méjì gbáko. Ẹ má gbé áńtẹ́nà méjì tira wọn kí ẹ ní ẹ ń fi wọ́n wéra: èyí tí ẹ kò lò á máa fa lára ìgbì èyí tí ẹ ń lò, èsì tí ẹ bá rí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Okùn ọ̀rá ni kí ẹ fi de òpó, kó má jẹ́ wáyà irin, torí wáyà irin tó bá gùn tó mítà márùn-ún àti ààbọ̀ ti di áńtẹ́nà kẹta nìyẹn. Ní ti wáyà NẸ́PÀ, ẹ ṣírò gígùn òpó àti áńtẹ́nà pọ̀, kí ẹ fi mítà mẹ́ta lé e. Tí òpó bá lè wó dé ọ̀dọ̀ wáyà, ibẹ̀ kọ́ lẹ máa rì í sí.

Kéébù méjì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbejì. RG-213 ni mo lò, mítà 20 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní 27 MHz, mítà 20 rẹ̀ kò jẹ tó 1 dB. RG-58 tó tẹ́ẹ́rẹ́ á jẹ ohun tó súnmọ́ 2 dB lórí gígùn kan náà, ẹni tó bá fi RG-58 sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó fi RG-213 sí ìkejì, kéébù ló ń fi wéra. Kéébù méjèèjì wọ súwíìsì kan lẹ́yìn rédíò. Lábẹ́ áńtẹ́nà ìdajì ìgbì, mo ká kéébù ní ìgbà mẹ́fà bí ẹni ká okùn, òbìrí rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, mo sì dè é. Áńtẹ́nà yìí kò ní irin ẹsẹ̀, ara òde kéébù ló máa ń fi ṣe ẹsẹ̀, kíká yẹn ló ń dí i lọ́wọ́. Tí ẹ bá di kéébù mú, tí abẹ́rẹ́ SWR sì mì, àmì rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá kan abẹ́rẹ́ S ojú rédíò, èyí tó ń fi bí ohùn tó ń wọlé ṣe lágbára tó hàn. Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe òṣùwọ̀n. Wọ́n ní ojú kan sí èkejì jẹ́ 6 dB, ṣùgbọ́n lára rédíò CB, ojú kan lè jẹ́ 2, òmíràn á jẹ́ 8. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni kó padà sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Torí náà mo ṣe àpótí ìdínkù, tó ń dín agbára tó ń wọlé kù ní iye dB tí mo mọ̀. Agolo bisikíìtì ni mo fi ṣe é, torí irin ni. Inú rẹ̀ ni súwíìsì mẹ́rin wà: 1, 2, 3 àti 6 dB. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní rẹsísítọ̀ mẹ́ta: ẹyọ kan wà lójú ọ̀nà, méjì yòókù bọ́ sí ara agolo, ọ̀kan ní iwájú, ọ̀kan ní ẹ̀yìn. Ti 1 dB: 5.6 ohm lójú ọ̀nà, 910 méjì. Ti 2 dB: 12 àti 430 méjì. Ti 3 dB: 18 àti 300 méjì, bí ẹ kò bá rí 300, 330 kò ní bà á jẹ́. Ti 6 dB: 36 àti 150 méjì. Bí ẹ bá fi òjé jó o pọ̀ tán, ẹ dán an wò: 1 àti 2 pọ̀ gbọ́dọ̀ gbé abẹ́rẹ́ dé ibi kan náà tí 3 nìkan gbé e dé. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ibì kan kò jó dáadáa. Gbígbọ́ nìkan sì ni àpótí yìí wà fún. Wáàtì mẹ́rin rédíò á jó rẹsísítọ̀ kékeré gbẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ gbohùngbohùn kúrò lára rédíò kí ọwọ́ má ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́.

Òwúrọ̀ ni mo ṣiṣẹ́, aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ. Lọ́sàn-án, bí oòrùn bá ti mú, ohùn àwọn tó wà ní ilẹ̀ òkèèrè á máa wọlé lórí 27 MHz, abẹ́rẹ́ á máa jó. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sún rárá, mítà kan péré lè yí agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ mi padà. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà ní ipò kan náà títí iṣẹ́ á fi parí. Bátìrì tó wà ní 12 fóltì kò tú wáàtì kan náà jáde bíi ti 13.8. Ohun tí mo sọ fún awakọ̀ kò ju èyí lọ: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ka ení, èjì, títí dé ogún, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀." Fóònù ni mo fi ń pè é.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Áńtẹ́nà ìdámẹ́rin ni òṣùwọ̀n mi. Mo yí súwíìsì sí i, mo fi báírò fàlà sórí téèpù bébà tí mo lẹ̀ mọ́ ojú rédíò, níbi tí abẹ́rẹ́ dúró sí gan-an. Mo yí i sí áńtẹ́nà kejì. Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè, màá ti súwíìsì ìdínkù wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan títí abẹ́rẹ́ á fi padà sórí ìlà. Iye dB tó wọlé ni ìyàtọ̀ náà. Mo ṣe é nígbà mẹ́wàá fún áńtẹ́nà kọ̀ọ̀kan, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì mú èyí tó bọ́ sí àárín.

Ọjọ́ kìíní, 5/8 kò gbọ́ràn ju ìdámẹ́rin lọ. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. SWR rẹ̀ sì dára ju ti gbogbo wọn lọ: 1.2 ní ikànnì 1, 1.2 ní 20, 1.2 ní 40. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fura, torí SWR áńtẹ́nà tòótọ́ máa ń yí díẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì. Mo sọ òpó kalẹ̀, mo tú áńtẹ́nà kúrò lórí kéébù, mo fi NanoVNA, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn áńtẹ́nà àti kéébù, wọn kéébù náà láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú orí rẹ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀. Kéébù tó dá ṣáṣá, tí kò so mọ́ nǹkan kan, SWR rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá 10. Ti èyí jẹ́ 2.2. Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀: ohun tó lọ sókè tó sì padà ti pàdánù 8.5 dB, ìyẹn ni pé ó ju 4 dB lọ tó ń run nínú kéébù ní lílọ nìkan. Kéébù tó ń jẹ iná máa ń jẹ èyí tó ń padà bọ̀ náà, ìdí nìyẹn tí SWR fi ń dára bí kéébù ṣe ń bàjẹ́.

Mo ṣí PL-259, irin tí kéébù fi ń so mọ́ áńtẹ́nà, tó wà ní orí rẹ̀. Omi dúdú ẹyọ kan kán sí mi lọ́wọ́. Wáyà híhun tó yẹ kó pọ́n bíi kọ́bọ̀ àtijọ́ ti di àwọ̀ ewé, ó ń rún bíi búrẹ́dì gbígbẹ, àwọ̀ náà sì ti rìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta wọ inú kéébù. Téèpù dúdú ti àwọn oníná nìkan ni wọ́n fi wé e. Oòrùn yọ gọ́ọ̀mù rẹ̀, òjò wọlé. Mo gé mítà kan kúrò, mo sì gé mítà kan kúrò lára kéébù kejì pẹ̀lú kí wọ́n lè dọ́gba. Mo jó orí tuntun, mo fi téèpù rọ́bà tó máa ń lẹ̀ mọ́ra rẹ̀ wé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí omi máa ṣàn kọjá lórí etí rẹ̀, téèpù dúdú wá wà lórí ìyẹn. SWR 5/8 wá di 1.4 ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ó "burú" jù ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń gbọ́ràn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí, 5/8 fi 4 dB ju ìdámẹ́rin lọ láti Ṣàgámù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìdajì iṣẹ́ ni mo ṣe yẹn. Mo gbé áńtẹ́nà méjèèjì pààrọ̀ òpó, kéébù kò kúrò níbi tó wà. Ìyàtọ̀ wá di òdo! Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òpó ìwọ̀-oòrùn nìkan ti ń fún ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí rẹ̀ ní 2 dB, torí òrùlé páànù gígùn kan àti ìdúró irin táǹkì omi wà níwájú òpó kejì, lọ́nà Ṣàgámù gan-an. Ẹ pa 4 àti òdo pọ̀, ẹ pín in sí méjì: 5/8 fi 2 dB ju ìdámẹ́rin lọ. Láti Ìlíṣàn, níbi tí páànù kò ti sí lọ́nà, pààrọ̀ kò yí nǹkan kan padà. 2 dB ló jẹ́ lórí òpó méjèèjì. Ìdajì ìgbì bọ́ sáàárín, 1 dB. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ òpó, ilé aládùúgbò rẹ̀ ló wọ̀n.

Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù nìyí. Gbogbo èyí, ìsàlẹ̀ áńtẹ́nà ni mo fi dọ́gba, ní mítà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ibi tí iná ti ń ṣàn jù lára áńtẹ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ìdámẹ́rin ìgbì sí ìsàlẹ̀ ṣóńṣó orí wọn. Lára ìdámẹ́rin, ibẹ̀ ni ìdí rẹ̀. Lára 5/8, ibẹ̀ fi ohun tó lé ní mítà mẹ́rin ga ju ìdí rẹ̀ lọ. Mo wá sọ 5/8 kalẹ̀ sí mítà mẹ́fà, mo fi ìdámẹ́rin sílẹ̀ ní mẹ́wàá, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mo tún pààrọ̀ òpó. Láti Ṣàgámù, láti Ìlíṣàn, abẹ́rẹ́ kò kúrò lórí ìlà tó 1 dB. Gíga ni ọ̀pọ̀ nínú 2 dB yẹn. Mo sì sọ ìdámẹ́rin kalẹ̀ láti mítà mẹ́wàá sí márùn-ún láti mọ ohun tí gíga nìkan ń ṣe: 3 dB lọ.

Torí náà, kí ẹ tó náwó sí fáíbà gígùn, ẹ bi ara yín bóyá páìpù ni owó náà yẹ kó rà. Fáíbà 5/8 dára níbi tí òpó kò ti lè ga mọ́, bíi orí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó jẹ́ pé ẹ kò ní ju páìpù kúkúrú kan tí ẹ lè gbé e lé lọ. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń mì í gan-an, ó sì fẹ́ okùn tirẹ̀.

Èyí tí mo fi sílẹ̀ lórí òpó ni ìdámẹ́rin. Mo fi mítà mẹ́rin páìpù onínṣì kan àti ààbọ̀ lé òpó ìwọ̀-oòrùn, ó di mẹ́rìnlá, mo sì gbé okùn ọ̀rá sókè dé ojú méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Láti Ṣàgámù, abẹ́rẹ́ dúró síbi tí 5/8 gbé e dé ní mítà mẹ́wàá, ìyàtọ̀ wọn kò tó 1 dB. Irin tí mo rì sí ìdí òpó fún mànàmáná wọlẹ̀ mítà kan àti ààbọ̀, bí òjò bá sì ti ṣú lápá Ìjẹ̀bú-Òde, mo máa ń yọ kéébù kúrò lẹ́yìn rédíò, màá sì gbé orí rẹ̀ síta ojú fèrèsé.