Orin Aláìlọ́rọ̀ Kan ní Kàdúná: Bí Mo Ṣe Wá Ilé Ìyá Bàbá Mi Rí ní Írẹ́lándì

Tí ìyá bàbá mi bá ń po ìyẹ̀fun, kì í fi ọ̀rọ̀ kọrin. Ẹnu lásán ló máa ń fi lù ú: "dídú-dì-lí-dam, dídú-dì-lí-dam," ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á sì máa gbá sìmẹ́ńtì ilé ìdáná. Ní Barnawa, Kàdúná, là ń gbé nígbà náà. Àwọn Hausa tó múlé tì wá máa ń pè é ní Mama Nasara, ìyẹn Màmá Òyìnbó. Ará Írẹ́lándì ni. Bàbá àgbà mi, ọmọ Ọ̀fà, lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Dublin, nọ́ọ̀sì tó bá pàdé níbẹ̀ ló sì mú bọ̀ wálé. Ìyá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́, ó kọ́ ọ ní oríkì ilé, títí ó fi mọ "ìjàkadì lorò Ọ̀fà" ju àwa tí wọ́n bí sí Kàdúná lọ.

Ó kọ́ tiwa, àwa ò kọ́ tirẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí. Nígbà tó fi máa lọ, nǹkan mẹ́rin péré ló kù lọ́wọ́ wa: orin aláìlọ́rọ̀ yẹn, ìtàn bíi méjì, orúkọ bàbá rẹ̀ tó ń jẹ́ Sullivan, àti orúkọ abúlé kan tí àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Kàdúná, kọ sẹ́yìn ìwé kan: Nifugila. Mo búra fún yín, ìlú kan lẹ́bàá Zaria ni mo rò pé ó jẹ́.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ẹbí yín, ní Abuja, ní Jos, ní Kano, ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe ṣe é. (Kì í ṣe àwọn Fadá àti Sístà Írẹ́lándì tó kọ́ àwọn ìyá wa ní ilé ìwé ni mò ń sọ o. Àwọn yẹn ò bímọ.)

Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo tẹ "Sullivan", àwọn tó jáde pọ̀ bí ẹni pé mo dúró sí àárín ọjà Kano tí mò ń pe Músá. Orúkọ yẹn kún ìpínlẹ̀ Kerry àti Cork bámúbámú. Mo mú ọ̀kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ jọ, lápá Kenmare, mo sì fi oṣù mẹ́rin to ìran kan lé e lórí. Òkú olókùú ni mo ń pè ní bàbá ńlá mi.

Lẹ́nu ẹni tó bá ẹni yẹn gbé ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo wọ reluwé ní Kubwa, mo bọ́lẹ̀ ní Rigasa, mo dé ọ̀dọ̀ Àǹtí, mo sì yọ ìwé àti bírò jáde bí ọlọ́pàá. "Àǹtí, ọdún wo ni wọ́n bí Màmá? Kí lorúkọ ìyá wọn?" Àǹtí wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ogún lo fẹ́ wá pín ni?" Òwò ọjọ́ yẹn parí síbẹ̀.

Ìgbà kejì tí mo lọ, n ò béèrè nǹkan kan. Mo gbé ìyẹ̀fun lọ, mo gbé sódà ìyẹ̀fun lọ, mo sì ra nono lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan létí ọ̀nà. Búrẹ́dì ìlú Màmá kò ní yíìsì, sódà àti mílíìkì kíkan ló ń gbé e dìde. Níwọ̀n ìgbà tí Màmá kò rí irú mílíìkì tiwọn rà, nono ló fi ń dípò rẹ̀. Mo ní kí Àǹtí kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n gbẹ́ kòtò sáàárín ìyẹ̀fun, wọ́n da nono sí i, wọ́n la ìka ọwọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ, wọ́n ń fi yí i láti àárín lọ sétí abọ́. Wọn ò tíì yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ẹnu wọn fi gbé e: dídú-dì-lí-dam. Àwọn fúnra wọn ò mọ̀ pé àwọn ń kọrin. Fóònù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó ń gbà á sílẹ̀. Mo ti tọrọ àyè kí a tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ fa àgbélébùú sórí búrẹ́dì náà ni wọ́n sọ ọ́, bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan: "Fèrèsé mẹ́ta, ilé ẹlẹ́dẹ̀ kan. Tí ilé wọn bá ń sọ Màmá, ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn."

Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde. Ẹ má tún un ṣe, ẹ má bi wọ́n pé kí ló túmọ̀ sí. Bí wọ́n bá pe orúkọ ìlú ní ìpèkúpè, bí wọ́n ṣe pè é ni kẹ́ ẹ kọ ọ́. Nifugila tí mo fi ṣẹ̀fẹ̀ yẹn máa tó fojú mi gbolẹ̀.

Ó wá ku orin. Kí lèèyàn fẹ́ fi orin tí kò lọ́rọ̀ ṣe? Ẹ pàtẹ́wọ́ sí i, kí ẹ sì kà. Orin ijó Írẹ́lándì ní irú-irú. Èyí tí wọ́n ń pè ní jig máa ń rìn ní mẹ́ta-mẹ́ta, reel a máa sáré ní mẹ́rin-mẹ́rin, polka sì jẹ́ méjì-méjì, ọ̀kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́. Ti Màmá jẹ́ méjì-méjì. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, torí pé agbègbè kan wà láàárín Kerry àti Cork, Sliabh Luachra lorúkọ rẹ̀, tó jẹ́ pé polka àti orin ijó mìíràn tó ń jẹ́ slide ni ẹ̀mí wọn. Lókè lọ́hùn-ún ní Donegal, orin wọn ti gba àwọ̀ ti Scotland. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ gòjé àwọn Hausa, tẹ́ ẹ sì ti gbọ́ gòjé onísákárà, ó máa yé yín: okùn kan náà, ahọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Gòjé òyìnbó ni wọ́n ń ta ní Sliabh Luachra. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pádraig O'Keeffe (1887–1963) máa ń rìn káàkiri abúlé láti kọ́ àwọn ọmọ ní gòjé náà. Ó fa ìlà, àyè àárín wọn ló dúró fún okùn, ó fi nọ́ńbà dípò ìka, ọmọ tí kò mọ nọ́ọ̀tì orin á kàn máa tẹ nọ́ńbà.

Ààpù kan wà tó ń jẹ́ Tunepal, irú orin yìí ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ ó fi ohun èlò kọ orin náà sí i, á wá èyí tó jọ ọ́ fún yín. Ohùn Àǹtí kò yé e rárá. Mo wá bẹ ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Kubwa, ó fi fèrè oníke tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ilé ìwé fọn ún. Polka ni gbogbo ohun tó jáde. Orúkọ wọn pọ̀, torí orin kan náà lè ní orúkọ mẹ́rin ní abúlé mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Mo tún rí nǹkan mìíràn: orin ijó wọn sábà máa ń ní apá méjì, wọ́n á lu èkíní lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó bọ́ sí èkejì. Apá kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ rọra o. Orin ní ẹsẹ̀. Michael Coleman, ọmọ Sligo tí wọ́n bí ní 1891, ṣí lọ sí New York, ó ṣe àwo orin níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, àwọn àwo náà sì padà sí Írẹ́lándì. Bí ẹni tí kò dé Sligo rí ṣe ń ta orin Sligo nìyẹn. Orin máa ń nawọ́ sí ọ̀nà fúnni, kì í dá ẹjọ́.

Bí ti àgbà yín bá lọ́rọ̀, ẹ fa gbogbo orúkọ èèyàn àti orúkọ ibi tó wà nínú rẹ̀ yọ. Turlough O'Carolan (1670–1738), afọ́jú tó ń ta háàpù, máa ń ṣe orin fún àwọn ọlọ́lá tó gbà á lálejò, orúkọ wọn ló sì fi ń sọ orin náà. Kí ló wá yà á sọ́tọ̀ sí onílù wa àti àwọn maroƙa, àwọn tó ń kì èèyàn ní ààfin Zaria? Àwọn obìnrin tó ń sunkún òkú nílùú wọn náà, tí wọ́n ń pe ẹkún yẹn ní caoineadh, máa ń ka ìran òkú bí wọ́n ṣe ń sun ún. Orúkọ gan-an ń sọ̀rọ̀: Mac ni ọmọ, Ó ni ọmọ-ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé sọ Ó yẹn nù lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn mìíràn tún gbé e padà, nítorí náà tẹ́ ẹ bá wá Sullivan, ẹ wá O'Sullivan pẹ̀lú.

Kerry wà lọ́kàn mi báyìí, mo wá ṣí logainm.ie, ibi tí wọ́n kó orúkọ ilẹ̀ wọn jọ sí. Ilẹ̀ wọn pín sí wẹ́wẹ́ tó lé ní 60,000, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti agbègbè Sliabh Luachra sókè, bí ọmọ jẹ́léósinmi. Mo kan Gneeveguilla. Mo fo G tó wà níwájú yẹn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, mo dìde dúró. Nifugila! Àǹtí ti gbà á sílẹ̀ dáadáa láti ọjọ́ yìí, èmi ni mo ń wá a lọ sí Zaria. Gníomh go leith ni wọ́n ń kọ ọ́ ní èdè wọn, ìwọ̀n ilẹ̀ oko kan àti ààbọ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà yìí ni ìwé tó kàn. Ní oṣù kẹfà 1922, nígbà tí ogun abẹ́lé wọn bẹ̀rẹ̀, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà ní Four Courts ní Dublin jóná, ìkànìyàn ayé àtijọ́ sì bá a lọ. Ti 1901 àti 1911 ṣì pé, ọ̀fẹ́ sì ni lórí ìkànnì National Archives ti Írẹ́lándì. Irishgenealogy.ie náà jẹ́ ọ̀fẹ́: ìbí, ìgbéyàwó àti ikú láti 1864 wá. Ṣùgbọ́n ìbí gbọ́dọ̀ pé ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀, ìgbéyàwó ọdún 75, ikú ọdún 50. Torí náà n ò lè rí ìbí Màmá. Ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀ ni mo wá, ìwé yẹn sì máa ń sọ orúkọ bàbá ọkọ àti ti bàbá ìyàwó. Àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Kerry tún wà lórí ìkànnì kan náà. Bí ti yín bá jẹ́ ìpínlẹ̀ mìíràn, National Library wọn ti ya fọ́tò ìwé àwọn ìjọ Kátólíìkì títí dé nǹkan bí 1880.

Mo dé orí fọ́ọ̀mù 1911. Bàbá Màmá wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ń lọ ilé ìwé. Ìyá rẹ̀: ọmọ mẹ́sàn-án ló bí, méje ló wà láàyè, wọ́n máa ń bi àwọn abilékọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn. Bàbá arúgbó kan wà nínú ilé náà tó jẹ́ ẹni ọdún 54 ní 1901, tó sì di 70 ní 1911. Ẹ má fìyẹn pe ẹbí yín ní ẹlòmíràn. Òfin owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó ti jáde ní 1908, ẹni 70 ọdún ló ń gbà á. Ní Abuja níbí, ọjọ́ orí là ń dín kí iṣẹ́ ìjọba má baà bọ́. Àwọn ń fi kún un.

Ẹ má dúró sórí ojú ewé àkọ́kọ́ yẹn. Fọ́ọ̀mù mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ka ilé: ògiri, òrùlé, iye fèrèsé tó kọjú síta. Mo wo ìlà ilé wa. Mẹ́ta. Mo ṣí èyí tó ń ka àwọn ilé ẹ̀yìnkùlé: ilé ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀kan.

Oríkì ilé rẹ̀ ni obìnrin yẹn ń kì létí wa láti ọjọ́ yìí.

Bí ìtàn bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ lọ sí dúchas.ie. Láàárín 1937 sí 1939, wọ́n ní kí àwọn ọmọ láti ilé ìwé tó tó bíi 5,000 lọ bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè ìtàn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ lè fi orúkọ ibi tàbí orúkọ èèyàn wá a. Ìtàn Màmá nípa onígòjé tó gbọ́ orin nínú òkìtì àwọn iwin, tó wọlé, tó sì gbàgbé ọ̀pá gòjé rẹ̀ síbẹ̀, mo rí irú rẹ̀ láti àgbègbè náà. Ẹni tó sọ ọ́ kì í ṣe ẹbí wa, ṣùgbọ́n ó lè ti gbọ́ ọ lójú àárò kan náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí léèrè ìwé ìrìnnà: ẹni tí òbí òbí rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí wọ́n bí ní erékùṣù Írẹ́lándì lè forúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ ìlú wọn. Àwọn àbúrò mi tí kò fẹ́ gbọ́ orin náà tẹ́lẹ̀ ti wá ń hó o báyìí.

Ohun kan ló kù. Ohun tẹ́ ẹ bá rí, ẹ fi gbọ́ àgbà náà padà. Mo fi fèrè ọmọ akọrin yẹn ránṣẹ́ sí Àǹtí lórí WhatsApp. Wọn ò fèsì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, ohùn wọn wọlé: "Sọ fún ọmọ náà pé ó ń sáré jù. Ibi tó sì dúró sí yẹn, kì í dúró síbẹ̀." Wọ́n hú ikọ́ díẹ̀, wọ́n wá gbé apá kejì.