Fítámì K fún ọmọ tuntun: ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í

Oyún àbúrò mi tó wà ní London ti wọ oṣù kẹjọ nígbà tí agbẹ̀bí rẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan tí kò retí: tí ọmọ bá dé, ṣé kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ fítámì K, ṣé kí wọ́n kán an sí i lẹ́nu, àbí kí wọ́n má fún un rárá? Ó gbé ìbéèrè náà wá sórí WhatsApp ẹbí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Màmá wa ti ní ọmọ mẹ́fà làwọn bí, kò sí èyí tó gba fítámì kankan. Bùọ̀dá wa ti fi fídíò kan ránṣẹ́ pé abẹ́rẹ́ náà ń fa jẹjẹrẹ. Ìyàwó wọn, tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ní kó ṣáà máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Ìgbà tí ariwo pọ̀ tán ni wọ́n rántí pé ẹnì kan ń ṣe nọ́ọ̀sì nínú ẹbí.

Mo ka gbogbo rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Kò sí ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá ọmọ níbi iṣẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n bi àbúrò mi léèrè. Níbí, a kì í sábà bi ìyá ọmọ. Nọ́ọ̀sì á gún ọmọ, tàbí kó gbàgbé, tàbí kí oògùn tán nílé ìwòsàn, ìyá á sì gbé ọmọ rẹ̀ délé láì mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Mo bí mẹ́fà, kò sí èyí tó gbà á"

Màmá wa ò purọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí fítámì yìí ń ṣe. Ẹ̀dọ̀ ló ń pèsè àwọn èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n láìsí fítámì K, èròjà wọ̀nyẹn kò lè ṣiṣẹ́. Àgbàlagbà ń rí i nínú ẹ̀fọ́, àwọn kòkòrò tíntìntín inú ìfun rẹ̀ sì ń ṣe díẹ̀ kún un. Ọmọ tuntun kò tíì jẹ ẹ̀fọ́, inú ìfun rẹ̀ kò tíì ní kòkòrò kankan, èyí tó sì gba inú olóbì kọjá sí i lára nígbà oyún kéré púpọ̀. Gbogbo ọmọ ló ń wá sáyé bẹ́ẹ̀, ọmọ ọlọ́rọ̀ àti ọmọ tálákà. (Henrik Dam, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló rí fítámì yìí lára àwọn òròmọdìyẹ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn nítorí oúnjẹ tí kò ní ọ̀rá. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1943 nítorí rẹ̀.)

Nínú ọmọ 100,000 tí kò gbà á, bíi 4 sí 7 ni ẹ̀jẹ̀ máa ń ya lára wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn irú èyí tó burú jù. Ẹni tó bí mẹ́fà lè má fojú rí i títí ayé rẹ̀. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ pẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọmọdé á rí i, kò sì ní gbàgbé.

"Ṣebí a ti kómọ jáde, ewu ti tán"

Àṣìṣe yìí ló jinlẹ̀ jù, torí pé ọjọ́ kẹjọ ní ìtumọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí wọ́n bá ti sọmọ lórúkọ, ọkàn ilé á balẹ̀. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ dídà yìí kò mọ ọjọ́ ìkómọ. Òmíràn ń yọjú láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, àgàgà bí ìyá bá lo irú oògùn kan nígbà oyún. Òmíràn ń dé láàárín ọjọ́ kejì sí ìkeje, láti ìwọ́, láti imú, tàbí níbi tí wọ́n ti dábẹ́ fún ọmọ. Láàárín ọmọ 60 sí ọmọ 250 tí kò gba fítámì K, irú ẹ̀jẹ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí lè mú ẹyọ kan. Èyí tó kù ni èyí tó ń dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ títí di oṣù kẹfà, nígbà tí ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí ara rẹ̀ dá ṣáká. Ọmọ tó ń mu ọmú nìkan ló sábà máa ń mú. Nínú méjì tó bá mú, inú ọpọlọ ọ̀kan ni ẹ̀jẹ̀ náà ti ń ya.

Ní ìlú Nashville, ní Amẹ́ríkà, láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ọmọ mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 15 ni wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú àìsàn yìí. Ẹ̀jẹ̀ ti ya sínú agbárí mẹ́ta nínú wọn. Òbí ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọ abẹ́rẹ́ náà nígbà ìbí. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n ní ìdí rẹ̀, òmíràn ní òun ń bẹ̀rù jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, òmíràn ní kò pọn dandan. Mo fi èyí ránṣẹ́ sí Bùọ̀dá wa, torí ó jọ fídíò wọn bí ìbejì.

Ẹ má pe gbogbo gìrì ní gìrì

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ń mumú dáadáa lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó kọ ọmú. Ó ń bì. Awújẹ́ rẹ̀ wú, ó le. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ gan, ojú rẹ̀ yí padà. Ní àdúgbò wa, orúkọ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ni gìrì, ẹnì kan á sì ti máa wá àgbo kiri, ẹlòmíràn á ní kí wọ́n yá ẹsẹ̀ ọmọ níná. Wákàtí tó yẹ kí wọ́n fi wá mọ́tò ló ń bá àgbo lọ.

Gìrì tí ibà ń fà kì í sábà mú ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Tí ọmọ oṣù méjì bá gan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún dókítà ni bóyá ọmọ gba fítámì K tàbí kò gbà á. Gbólóhùn kan yẹn lè yí ìtọ́jú padà.

Ṣáájú èyí, àìsàn náà lè ti kanlẹ̀kùn: imú tó ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ìwọ́ tí kò dẹ́kun ríro ẹ̀jẹ̀, àpá dúdú lára ọmọ tí kò ṣubú, ẹ̀jẹ̀ nínú èébì, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà lẹ́yìn tí ìgbẹ́ ọmọ ti di pupa rúsúrúsú. Ìgbẹ́ dúdú ti ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ kò léwu, gbogbo ọmọ ló ń ya á. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lójú ara ọmọbìnrin ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà kì í sábà jẹ́ nǹkan kan. Lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ẹ má wo awọ nìkan tí ẹ bá ń wá àmì àìlẹ́jẹ̀. Ẹ wo èrìgì, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́, ẹ wo inú ìpéǹpéjú.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ àti ọ̀rọ̀ ojú pípọ́n

Fídíò Bùọ̀dá wa kò ṣàdédé. Lọ́dún 1992, àwọn olùwádìí kan ní Bristol tẹ iṣẹ́ kan jáde tó dà bí ẹni pé ó so abẹ́rẹ́ fítámì K pọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ ọmọdé. Ẹ̀rù ba ayé, ó sì tọ́ kó bà wọ́n. Wọ́n wá wádìí rẹ̀ lórí ọmọ tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní Sweden, ní Denmark àti ní Amẹ́ríkà, wọn kò rí ìsopọ̀ náà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló ń rìn lórí fóònù títí dòní, àwọn tó tẹ̀ lé e kò ní fídíò.

Ìyẹn tún rọrùn ju ti àwọn tó ní abẹ́rẹ́ náà ń mú kí ojú ọmọ pọ́n (jaundice). Láyé 1950, wọ́n ń lo irú fítámì K mìíràn, tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, ní ìwọ̀n tó pọ̀ jù, ó sì ń ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé jẹ́ títí ojú wọn á fi pọ́n. Irú èyí kọ́ ni wọ́n ń gún mọ́. K1 ni ti ìsinsìnyí, mílígíráàmù kan péré ni ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé máa ń gbà. Ìyá tó ń sá fún abẹ́rẹ́ nítorí ojú pípọ́n, tó sì tò bọ́ọ̀lù kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ nínú báàgì, ibi tí ewu wà gan-an ni kò wò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè fara da kánfọ̀ yẹn, òun gan-an ló lè mú kí ojú wọn pọ́n.

Bí ojú ọmọ bá ṣì pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń funfun bí ẹfun, ẹ̀dọ̀ lè ní wàhálà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lè gba fítámì K láti inú oúnjẹ, ó wà nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ lè dà lára wọn jù.

Ẹ̀fọ́ ńkọ́?

Ẹ jẹ ẹ, ewédú, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ó dára fún ìyá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló ń kọjá sínú ọmú, kò lè tó ọmọ. Ọmú ṣì ni oúnjẹ tó dára jù, ẹ má tìtorí èyí ra mílíìkì agolo. Abẹ́rẹ́ ló wà láti dí àlàfo yẹn.

Kíkán sẹ́nu tí a kò parí

Ohun tó bá àbúrò mi lára mu lákọ̀ọ́kọ́ ni kíkán sẹ́nu, torí kò fẹ́ kí wọ́n gún ọmọ. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kó ka iye ìgbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó ń mu ọmú nìkan gbọ́dọ̀ gbà á lẹ́ẹ̀mẹta: nígbà ìbí, láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àti nígbà tó bá ń sún mọ́ oṣù kan. Tí ó bá pọ̀ ọ́ jáde láàárín wákàtí kan, a tún máa fún un ni. Ìyá tí kò sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ta ló máa rán an létí ẹlẹ́ẹ̀kẹta? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ti abẹ́rẹ́, itan ni wọ́n ń gún, ọmọ sì lè wà lẹ́nu ọmú nígbà tí wọ́n bá ń gún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní kí ìyá kọ́kọ́ gbé ọmọ mọ́ àyà fún wákàtí kan ná.

Ẹ má sì lọ ra oògùn fítámì àgbàlagbà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kí ẹ fọ́ ọ sínú omi fún ọmọ.

Ohun tí ìyá ò sọ, àti káàdì

Bí ẹ bá ń lo oògùn wárápá, oògùn ikọ́ ife, tàbí èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn bíi warfarin, ẹ sọ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń lọ gba ìtọ́jú aboyún, kì í ṣe ọjọ́ ìrọbí. Ìtìjú wárápá ti mú kí ọ̀pọ̀ ìyá dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdílé tí ọkùnrin wọn máa ń ṣẹ̀jẹ̀ ṣáá nígbà ìdábẹ́: fítámì K kò wo ìyẹn sàn, dókítà ní láti mọ̀ kó tó gún ọmọ rárá. Kí olóòlà tó fọwọ́ kan ọmọ, ẹ bi ara yín bóyá ó ti gbà á.

Àjẹsára BCG (ti ikọ́ ife), ti rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sẹ́nu àti ti àrùn ẹ̀dọ̀ kì í ṣe fítámì K. Ìyá á ní "wọ́n ti gún un", ká wo káàdì, kò sí i níbẹ̀. Kò tilẹ̀ sí àyè fún un lórí ọ̀pọ̀ káàdì. Ẹ ní kí wọ́n fi bíírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú ọjọ́.

Àbúrò mi yan abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó Bùọ̀dá pè mí ní kọ̀rọ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú, ilé agbẹ̀bí ìjọ ni mo bí tèmi sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ṣé ó ti pẹ́ jù?" Mo ní kó mú káàdì jáde, kó ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. BCG nìkan ni. Mo ní kò tíì pẹ́, kó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà láàárọ̀, kó sọ bó ṣe jẹ́, wọ́n á gún un. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ó ti fi fọ́tò káàdì ránṣẹ́, wọ́n ti fi bíírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́.